Ìkòkò Wàrà Kì Í Ní Ọmọrí

Fúlàní ni ìyá tó bí mi. Òun ló kọ́ mi ní wàrà ṣíṣe, òun náà ló kọ́ mi pé a kì í dé ìkòkò rẹ̀. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ sì ni.

Físíìsì ló ń kà ní yunifásítì tó wà ní Malete. Ó wọlé lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ojú rẹ̀ ti wú. Ó ti parí pírójẹ́ẹ̀tì rẹ̀, àmọ́ olùkọ́ rẹ̀ ní òun ò ní gbà á àfi tó bá lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣàlàyé rẹ̀, láìkọ nǹkan kan sójú pátákó. Ọjọ́ Àtìní, ìyẹn Mọ́ńdè, ni àwọn olùkọ́ tó máa bi í léèrè máa pè é. Tí kò bá rí i ṣe, ó di ọdún mìíràn.

Mo ń dáná wàrà lọ́wọ́. Mo ní, "Jókòó, sọ ọ́ fún mi."

Ó ní àwọn nǹkan kan wà tí ojú ò lè rí, wọ́n dà bí òòfà kéékèèké. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kọjú síbi tó wù ú. Ìgbà mìíràn wà tí gbogbo wọn á kọjú síbì kan náà, bí àwọn tó ń kírun ṣe ń kọjú sí gábàsì.

"Ibi tí wọ́n ti ń yí padà gan-an ni mò ń wá, Ìyá. Àmọ́ agbára wọn ń jò síta ní gbogbo ìgbà."

"Wá ọmọrí dé e."

"Ìyá! Kò sí ọmọrí tó lè dé e."

"Gbogbo ìwé tí o kà yìí, ọmọrí ò sí níbẹ̀!"

Ìgbà yẹn ló tó rẹ́rìn-ín. Ó dìde láti ràn mí lọ́wọ́. GRA ni wọ́n ti tọ́ ọ, ìdáná gáàsì ló mọ̀. Ó gbé àwo bo ìkòkò mi kó lè tètè hó. Ewé bọ̀mùbọmù tó ń mú wàrà dì ni mò ń fún lọ́wọ́, mi ò rí i. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, mílíìkì ti ru dà sínú iná.

"O pa mí o! Ta ló ń dé wàrà? Iná ń wọlé nísàlẹ̀, ooru gbọ́dọ̀ máa rọ́nà jáde lókè. Ibi tí méjèèjì bá ti bára mu ni mílíìkì ń dúró sí."

Ó dúró, àwo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ tún un sọ."

Ilẹ̀ ni mò ń nù ní tèmi.

A gbé òmíràn kaná. Lọ́tẹ̀ yìí ó jókòó tì í, ó ń wò ó. Mo da omi bọ̀mùbọmù sí i. Tó bá kù díẹ̀ kó dì, ó máa ń lọ́ra, bíi pé kò mọ èyí tí òun máa jẹ́. Fọwọ́ kàn án, gbogbo rẹ̀ á mì. Ó ní àwọn òòfà kéékèèké òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Àtìní, ó pè mí lórí fóònù. Ó ti yege, wàrà ló fi ṣàlàyé fún àwọn olùkọ́ rẹ̀. Ó ní ọ̀kan nínú wọn bi òun pé ṣé wàrà lè padà di mílíìkì.

"Kí lo wí?"

"Mo ní rárá, pé àwọn òòfà tèmi lè padà sí bí wọ́n ti wà, àpẹẹrẹ Ìyá mi ò kọjá ibẹ̀."

"Ó wá di pé wàrà mi ló fèèlì?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ó gbé mi débi tó lè gbé mi dé."

Mo ní kó ra mílíìkì bọ̀ dípò èyí tó dà nù. Bó ṣe ń kọ èyí, mò ń wojú rẹ̀. Kò tíì rà á.