Pèrègún Láàárín Tábìlì Ogun

Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni mo gbé ilẹ̀kùn àtijọ́ kan láti ẹ̀yìn ilé wa ní Ikpinlè, mo tẹ́ ẹ lé orí àpótí méjì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di ilẹ̀ ogun. Ọ̀rẹ́ mi obìnrin kan ní Tatonnonkon ni mo ń ṣe é fún. Mo pè é ní ọ̀rẹ́ nítorí pé láti ìgbà tí a ti jọ wà ní yunifásítì ní Àjàṣẹ́, n kò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó kù jáde lẹ́nu. Eré ogun ló so wá pọ̀: a ó gé ọmọ ogun láti ara páálí, a ó ju dáìsì, a ó fi rúlà wọn ibi tí kálukú lè rìn dé. Orí ẹní lásán la ti máa ń ta á.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, ó pè mí pé àwọn ẹbí ọkùnrin kan ti wá tọrọ òun, pé bàbá òun fún òun di ọjọ́ Àìkú láti dáhùn. "Màá wá ta eré lọ́dọ̀ ẹ lẹ́yìn ìsìn," ló sọ, ó sì dákẹ́. Mo mọ ohun tí ìdákẹ́ yẹn ń bèèrè. Mo kàn ní kó máa bọ̀. Kì í ṣe pé n kò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé mo ti gba lísáǹsì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, n kò ríṣẹ́, ilé ìyá mi ni mo ṣì ń gbé. Kí ni mo fẹ́ fi dá a dúró? Mo rò pé bí tábìlì náà bá rẹwà tó, yóò bá mi sọ ọ́.

Mo po amọ̀ pupa mọ́ ògùsọ̀ tó kù nígbà tí ìyá mi fún epo, kí òkè tí mo mọ má baà sán bó bá gbẹ. Èèpo ẹkùrọ́ di òkúta. Ọ̀rá búlúù di odò láàárín gbùngbùn.

"Ẹni tó gba lísáǹsì ló ń fi amọ̀ ṣeré yìí," ìyá mi ní. "Ọkọ́ ń wò ẹ́ níbẹ̀ yẹn o!"

Igbó etí odò ló yọ mí lẹ́nu: gbogbo ewé tí mo bá já ló ń rọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo wá gé orí pèrègún kéékèèké, mo rì wọ́n mọ́ amọ̀ lẹ́bàá odò, láti etí tábìlì dé etí kejì. Títí di ọjọ́ Àìkú, wọ́n ṣì tutù yọ̀yọ̀. Inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù pẹ̀lú aṣọ funfun ìsìn lọ́rùn, láìwọ bàtà.

"Ọ̀gágun! Òkè yìí mà pá lórí o! Ṣé olùkọ́ ìṣirò wa lo wò mọ ọ́n?"

A jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wo àárín tábìlì.

"Apá wo ni tèmi?"

"Ibi tí o dúró sí yẹn."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Apá kejì."

Ó fi ìka kan ewé náà. "O wá gbin pèrègún sáàárín èmi pẹ̀lú ẹ."

"Igbó ni. Torí pé kì í tètè rọ ni mo ṣe lò ó."

"Mo mọ̀ pé kì í rọ. Ìdí tí wọ́n fi ń fi í pààlà oko nìyẹn."

Ọmọ àgbẹ̀ ni èmi náà, kò sì wá sí mi lọ́kàn rárá. Ojú tì mí, ẹ̀rù bà mí, bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀rù bá ń bà mí, ẹnu mi kì í dákẹ́: mo ń ṣàlàyé òfin eré fún ẹni tó kọ́ mi ní eré náà. A ta á. Kò mú ọmọ ogun kan ṣoṣo kọjá pèrègún. Bí mo bá sún tèmi kọjá, á rọra dá a padà: "Oko olóko nìyẹn." Ó ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú rẹ̀ kò bá ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Ọlọ́kadà tó gbé e wá padà wá mú un, ó fọn fèrè.

"Ó dáa, Ọ̀gágun. Mo ti gbọ́."

"Kí lo gbọ́? N kò tíì sọ nǹkan kan."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "O ò sọ nǹkan kan."

Ọjọ́ náà ló dá bàbá rẹ̀ lóhùn pé òun gbà. Wọ́n ti fi ìdána sí ìgbà tí a bá kórè àgbàdo tán, àgbàdo sì ti ń gbó. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé kò kọ̀ mí. Èmi ni kò bi í léèrè.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n bẹ ẹ̀gbọ́n bàbá mi kó bá mi lọ sí Tatonnonkon, níwájú àwọn tó ti gba ọtí ẹlòmíràn? Àbí ìrora tèmi nìkan ni mo ń wò, tó fi yẹ kí n jẹ́ kó lọ ní àlàáfíà?