Ọjọ́ Tí Ìyá Mi Kúnlẹ̀ fún Oníyán

Ọjọ́ tí ìyá mi kúnlẹ̀ fún oníyán kan ní Ìlobù ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Mo ń sá aṣọ iléèwé Àṣàkẹ́, ọmọ mi, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ sáré dé pẹ̀lú ẹkún: "Mọ́mì, ẹ máa bọ̀ o! Oníyán ń bú Màmá!"

Àárọ̀ ọjọ́ náà ni Màmá ti Ìfọ́n dé, èmi ni mo sì ní kí òun àti Àṣàkẹ́ lọ jẹun lọ́dọ̀ oníyán náà. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọbẹ̀ oníyán yìí dùn, ẹnu rẹ̀ ló korò.

Nígbà tí mo débẹ̀, Màmá wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìkòkò ọbẹ̀. "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ọbẹ̀ ọmọ-ọmọ mi ló kéré."

Oníyán, tí kò tíì tó mi lọ́jọ́ orí, pòṣé. "Ìyá yìí, ṣé odò lọbẹ̀ mi ni? Dìde níbẹ̀ jàre!"

Àwọn tó ń jẹun ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Màmá, ẹ fara dà á. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn."

Orí mi gbóná. Mo gbé Màmá dìde, mo ní, "Ṣé ìyá tó bí ọ máa ń kúnlẹ̀ kí o tó bu ọbẹ̀ fún un?" A fi iyán sílẹ̀ níbẹ̀, a bá tiwa lọ.

Lójú ọ̀nà, Àṣàkẹ́ ní, "Mọ́mì, ṣebí ẹ̀yin náà máa ń rẹ́rìn-ín tí oníyán yìí bá ń bú èèyàn?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra, nítorí òótọ́ ni.

Nígbà tí a délé, tí Màmá wọ yàrá lọ, mo di ọwọ́ Àṣàkẹ́ mú. Mo ní, "Nítorí kó lè bu ọbẹ̀ dáadáa fún mi ni mo ṣe ń rẹ́rìn-ín, kò sì dáa. Àwa ló yẹ ká kúnlẹ̀ fún Màmá. Wá, jẹ́ ká lọ bẹ̀ wọ́n."