Epo Pupa fún Ajá Mi

Ọjọ́ tí mo gbé ọmọ ajá kan wálé ní àdúgbò wa, Boukoki, gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa di dókítà ẹranko. Ẹnì kan ní kí n fi ọ́ìlì mọ́tò pa á lára nítorí eégbọn. Díákónì wa, tí ò sin adìẹ rí, ní ajá òyìnbó ló ń gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, kí tèmi ṣáà lá epo pupa, ó ti tó. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́, mo sì rọra gbé ajá mi lọ gbabẹ́rẹ́ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko gidi ní àdúgbò Harobanda.

Lọ́sẹ̀ kejì, díákónì tún wá là mí lọ́yẹ̀. Ni ajá bá fi eyín ha á níka. Díákónì fò sókè: "Ṣé ó ti gbabẹ́rẹ́?"

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ó ti lá epo pupa."