Pẹ̀lẹ́, Ẹni Tó Ń Bá Awakùsà Wá Ilẹ̀

Kí Pẹ̀lẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá awakùsà wá ilẹ̀, irun ni ó ń gẹ̀. Orúkọ ìnagijẹ ni Pẹ̀lẹ́, nítorí ó máa ń kí oníbàárà ní pẹ̀lẹ́ kí abẹ tó kan orí. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kékeré kan tó ń wá dáyámọ́ńdì jókòó síwájú rẹ̀, ó ń ráhùn pé àwọn onílẹ̀ kì í jẹ́ kí òun sọ̀rọ̀ tán kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn. Kí Pẹ̀lẹ́ tó gẹ irun náà tán, ọ̀gá ti ro gbogbo ẹjọ́ ilé rẹ̀ fún un. Ọ̀gá wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, “Irú ẹ ni mò ń wá.”

Yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà ni ọ́fíìsì wọn. Àpò yẹ̀pẹ̀ kún ilẹ̀ débi pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n fi ń rìn. Ẹnì kẹta wọn ni obìnrin onímọ̀ òkúta, tí bàtà rẹ̀ kì í mọ́. Wọn ò tíì rí dáyámọ́ńdì kankan. Ilẹ̀ tí wọ́n lè gbẹ́ ihò díẹ̀ sí, kí wọ́n sì fi ajọ̀ jọ yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ wò, ni wọ́n ń wá.

Iṣẹ́ náà bá Pẹ̀lẹ́ lára mu. Òtítọ́ ló máa ń sọ fún àwọn onílẹ̀: ó ṣeé ṣe kí àwọn má rí nǹkan kan, àwọn á sì dí ihò padà. Gbogbo ẹni tó nílẹ̀ létí odò gbà, àfi káfíńtà kan àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe búrẹ́dì. Bàbá wọn ló fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà tó ti kú ni wọ́n ti ń yan ara wọn lódì, bẹ́ẹ̀ ilé wọn kọjú síra.

Pẹ̀lẹ́ lọ bá káfíńtà. Ìyẹn bi í pé kí ni ẹ̀gbọ́n òun wí. Ó sọdá sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n, tí ìyẹ̀fun dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀; òun náà bi í pé kí ni àbúrò òun wí. Ó sọdá títí ajá àdúgbò fi ṣíwọ́ gbígbó mọ́ ọn. Ó wá yé e pé kì í ṣe awakùsà ni wọ́n ń bá jà. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ó purọ́ díẹ̀: ó wí fún káfíńtà pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bọ̀ wá fi ààlà hàn àwọn. Káfíńtà ní ta ló mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n òun máa wí níbẹ̀, òun náà á débẹ̀. Ó sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ fún ẹ̀gbọ́n nípa àbúrò rẹ̀, èsì kan náà ló sì rí gbà.

Nígbà tí wọ́n dé etí odò, igbó ti bo ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n nàka sí i.

“Wo ilẹ̀ tí bàbá fún ẹ. Mò ń wò ẹ́ láti ọjọ́ yìí, o ò tiẹ̀ ro ó.”

Káfíńtà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́.

“Èmi kẹ̀? Bàbá ní tiyín ni. Wọ́n ní bí mo bá fọwọ́ kàn án, àwọn ò ní dárí jì mí.”

Ẹ̀gbọ́n yíjú sí i. “Ohun tó sọ fún èmi náà nìyẹn, pé tìẹ ni.”

Bàbá ti dá ọgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má baà jà sí ilẹ̀ náà. Ọgbọ́n ọ̀hún, tó mú kí oníkálùkù rò pé ẹnì kejì ni bàbá fẹ́ràn jù, ló dá ìjà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di èjìká àbúrò rẹ̀ mú kí ó má baà ṣubú. Omijé wà nínú ẹ̀rín náà, Pẹ̀lẹ́ sì kọjú sí odò.

Àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Wọ́n gbẹ́ ihò, wọ́n jọ yẹ̀pẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan. Ọ̀gá fajú ro fún ọjọ́ díẹ̀, ó tún na ìka sí ibòmíràn lórí àwòrán ilẹ̀. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò gbin àgbàdo sí etí odò lọ́dún náà, wọ́n sì ń jiyàn lójoojúmọ́ lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n gbìn ín.

Nígbà tí Pẹ̀lẹ́ lọ bá àwọn onílẹ̀ tuntun, káfíńtà bá a lọ láìjẹ́ pé wọ́n bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ò mọ̀ bóyá dáyámọ́ńdì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí awakùsà gbẹ́ ẹ.