Arúgbó Ẹ̀gà Orí Igi Dongoyaro

"Ó tún ti ń tú u!" Màámá ló kígbe bẹ́ẹ̀, òwú dúdú ṣì wà láàárín eyín rẹ̀, orí mi sì há sáàárín orúnkún rẹ̀. Lórí igi dongoyaro tó wà lágbàlá ilé wa ní Nima, ní Accra, arúgbó ẹ̀gà kan ń fi ẹnu fa ìtẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hun tán ya, koríko sì ń já bọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. Abo kan ti yẹ ìtẹ́ náà wò, ó sì kọ̀ ọ́.

Màámá kì í ṣe ìyá mi. Onídìrí tí yàrá rẹ̀ kángun sí tiwa ni, gbogbo ilé ló sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀, á gbé àpótí rẹ̀ sábẹ́ igi náà, òórùn àdí àgbọn á gba ibẹ̀ kan, ariwo ẹ̀gà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ìpè ìrun mọ́lẹ̀.

Òun ló fi ẹ̀gà náà hàn mí. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti ká kò, ìyẹn la fi ń dá a mọ̀. Màámá ní nígbà tí ara ẹyẹ náà ṣì le, àárín igi ló ń gbé, níbi tí ọwọ́ àṣá ò tó, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹyọ kan. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, àwọn ọ̀dọ́ ti tì í sí ṣónṣó ẹ̀ka. Ó ń hun díẹ̀díẹ̀, kó tó parí òkè ìtẹ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á ti gbẹ, àwọn abo ò sì fẹ́ koríko gbígbẹ.

Òjò ń tán lọ, àsìkò ọmọ bíbí wọn náà sì ń parí lọ. Ẹ̀rù bà mí pé kò ní bímọ lọ́dún náà. Mo ní kí n ya imọ̀ ọ̀pẹ wẹ́wẹ́ sílẹ̀ fún un.

"Má dán an wò," ni Màámá wí. "Ọwọ́ akọ ni abo yẹn ń wò. Ẹyin ẹ̀ ló fẹ́ gbé lé e lọ́wọ́. Jẹ́ ó ṣe é fúnra ẹ̀."

Ọwọ́ tirẹ̀ náà ti ń gbọ̀n. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ti ń lọ sọ́dọ̀ onídìrí mìíràn nítòsí ibùdókọ̀ trotro, ṣùgbọ́n èmi ò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan orí mi. Bí ìlà kan bá wọ́, á tún un kó. Ìyá mi á máa bẹ̀ ẹ́ pé, "Màámá, ó ti dáa bẹ́ẹ̀ o, wọn ò ní wò ó ní sùkúù."

"Èmi ń wò ó," ni yóò fèsì.

Nígbà tí òjò kù díẹ̀ kó dá, arúgbó náà hun òmíràn, kékeré, ó sì fún dáadáa. Abo kan wọ inú rẹ̀, ó fà á lọ́tùn-ún lósì, ó sì jókòó síbẹ̀. Màámá fi òòyà gbá mi léjìká, ó ń rẹ́rìn-ín bí ìyá ọkọ ìyàwó.

"Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lákìísà bí àgbà ni?"

Ọmọ kan ṣoṣo la rí tó fò jáde nínú ìtẹ́ náà. Lọ́dún kejì, gbogbo ẹ̀gà padà sórí igi, a wo ẹsẹ̀ wọn títí, a ò rí tiwa. Màámá ò sunkún. Ó ní kí n jókòó, ó sì mú òwú.

Òun náà ti lọ báyìí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ di òní. Ní báńkì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Accra níbí, ẹnu àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ kì í pẹ́ sọ ọ́ pé àsìkò àgbà kan ti kọjá. Èmi kì í bá wọn sọ ọ́. Mo ti rí ọmọ tí arúgbó bí nígbà tí gbogbo igi ti gbà pé ó ti tán.