Ọmọ Mẹ́ta Inú Fọ́ọ̀mù

Gbogbo Àgbàdo ló mọ̀ pé Wòsílátù aránṣọ kì í gé aṣọ oníbàárà pamọ́. Irọ́ ńlá kan ṣoṣo ló pa láyé rẹ̀, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ló sì pa á fún.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ fọ́jú, tí ojú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì náà ń ṣe bàìbàì, Dókítà Olúsànyà wá láti yunifásítì. Ohun tó ń ṣèwádìí rẹ̀ ni bí àìsàn ojú ṣe ń gba inú ẹ̀jẹ̀ bàbá dé ara ọmọ.

"Mọ́mì, ọmọ mélòó lẹ bí fún bàbá?"

Wòsílátù ní mẹ́ta. Àbáyọ̀mí, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó kú lórí ìkúnlẹ̀, jókòó tì í. Kò mọ ìyá mìíràn. Ta ni yóò yọ ọmọ sọ́tọ̀ lójú ara rẹ̀ nítorí fọ́ọ̀mù? Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ fún àyẹ̀wò.

Láràárọ̀ ni Àbáyọ̀mí wá ń fọwọ́ bo ojú kan, tó ń fi èkejì ka kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ó ní òun ò ní fẹ́ ọmọ ọlọ́mọ kó wá máa fa afọ́jú lọ́wọ́. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Wòsílátù ń wò ó, ó ń ranṣọ, ọ̀rọ̀ kan tí ì bá tú u sílẹ̀ kò jáde lẹ́nu rẹ̀.

Lánàá, dókítà mú èsì dé: àìsàn náà kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ Àbáyọ̀mí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń kán oògùn sójú bá a yọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Mọ́mì, ẹ ṣeun. Ẹ̀jẹ̀ yín ló gbà mí lọ́wọ́ ti Dádì."

Wòsílátù fà á dìde. Ọ̀fàdà ni sàréè àbúrò rẹ̀, ẹni tó yẹ kí ọmọ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wà. Wọn ò mú un débẹ̀ rí.