Ọjọ́ tí Ọkọ Mi Gba Orí Omi Dídì Lọ Kí Àgbà

Bí mo bá gbàgbé gbogbo ọjọ́ tí mo ti lò ní Calgary ní Canada, n kò ní gbàgbé ọ̀sán Sátidé kan ní oṣù Kẹta.

Ọdún tí iṣẹ́ epo dẹnu kọlẹ̀ ni. Ilé iṣẹ́ ti dá ọkọ mi dúró, nítorí náà ìgbafẹ́ wa kò ju ká rìn yí adágún omi tó wà lẹ́yìn ilé wa ní àdúgbò Whitehorn ká. Snow ti ń yọ́, ṣùgbọ́n ojú adágún náà ṣì dì.

A rí Bàbá Fúnmi, àgbà ìjọ wa, ní òdìkejì.

"Ẹ kàn juwọ́ sí wọn," ni mo wí.

"Kí n máa juwọ́ sí àgbà bí ẹgbẹ́ mi?" Ló bá gba orí omi dídì náà lọ.

Ó dé àárín, yìnyín náà sán gbàá. Omi dúdú yọ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ wa, Tóbi, figbe ta: "Daddy, lie down so the ice won't break! They taught us in school!" Ọkọ mi kò mira. Mo di Tóbi mú kó má baà sáré tẹ̀lé e.

Ni Bàbá bá pariwo: "Dọ̀bálẹ̀! Dọ̀bálẹ̀ fún mi níbẹ̀!"

Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti nà gbalaja. Ó ń fi àyà fà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi dé ẹsẹ̀ Bàbá.

"Ẹ káàsán, sà," ló wí. Bàbá gbá a mọ́ra, wọ́n bú sẹ́kún.

Láti ìgbà náà, ọkọ mi ń juwọ́ kí àgbà láti òkèèrè. Àwọn kan sọ pé Canada ti bà á jẹ́. N kì í bá wọn jiyàn. Wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tó dọ̀bálẹ̀ tí kò sí ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀.